Ọtí Templeton Rye inú ìgò kì í ṣe ti ayé ìfòfindè

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri pé ìlànà tí wọ́n fi pọn ọtí ní Templeton, ìpínlẹ̀ Iowa, nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí (1920 sí 1933) ni wọ́n fi ṣe Templeton Rye, wisikí inú ìgò tí ilé iṣẹ́ kan ń tà, kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn àgbẹ̀ ìlú kékeré yẹn pọn ọtí ní bòókẹ́lẹ́, ó sì lókìkí. Ṣùgbọ́n ṣúgà pọ̀ nínú tiwọn. Ìwúkàrà a máa sọ ṣúgà di ọtí kíákíá, àmọ́ rye, ọkà kan tó jọ wíìtì, nílò ọkà tí wọ́n ti mú hù, bíi bálì, kí sítáàṣì inú rẹ̀ tó lè di ṣúgà, àpòpọ̀ rẹ̀ a tún máa fà, a sì máa hó kún inú ìkòkò. Ta ló ń sá fún ọlọ́pàá tó máa ráyè ìyẹn?

Èyí tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ tà jẹ́ rye 95% àti bálì 5%. Lawrenceburg, ìpínlẹ̀ Indiana, ni wọ́n ti sè é, ní ilé ìpọntí ńlá tó di ti MGP, ilé iṣẹ́ tó ń pọntí fún àwọn mìíràn, ní 2011. Òfin Amẹ́ríkà sì ní kí rye whiskey ní ọkà rye 51% ó kéré tán, kó sì wọ àgbá igi óòkù tuntun tí wọ́n fi iná jó inú rẹ̀. Ọtí oníṣúgà ọjọ́un kò lè jẹ́ orúkọ yẹn láéláé.

Ní 2015, lẹ́yìn ẹjọ́ àwọn oníbàárà, ilé iṣẹ́ náà yọ “Prohibition Era Recipe” (ìlànà ayé ìfòfindè) kúrò lára ìgò. 2018 ni ilé ìpọntí wọn ní Templeton gan-an ṣí. Ẹ máa wo ẹ̀yìn ìgò: “distilled in” ló ń sọ ibi tí wọ́n ti sè é, “bottled by” kò sọ ju ẹni tó rọ ọ́ sínú ìgò lọ.