Ká san ohun tí a lò, kì í ṣe ohun tó jò dànù

Mo ka ìròyìn kan tó ní kí àwọn ayálégbé tó jọ ń gbé inú ilé kan máa pín owó iná àti omi ní dọ́gba-dọ́gba, kí onílé má dá sí i. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń dá gbé yàrá kan àti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù, báwo ni owó wọn ṣe fẹ́ dọ́gba? Mítà kan ṣoṣo fún gbogbo ilé ló ń dá ìjà yìí sílẹ̀. Kí onílé fi mítà kéékèèké sí ẹnu ọ̀nà kálukú.

Ti omi ló dùn mí jù. Tí páìpù bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀, mítà á máa yí tọ̀sán-tòru. Ayálégbé ò láṣẹ láti hú ilẹ̀ onílé, kí ló dé tó fi máa sanwó omi tí kò bù mu?

Yàrá tó ṣófo ńkọ́? Bí ẹnì kan bá kó jáde, wọn a pín ìpín tirẹ̀ fún àwọn tó kù. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn. Onílé ni kó san ìpín yàrá tó ṣófo. Ní ti iná orí àtẹ̀gùn tí gbogbo ilé jọ ń lò, kí wọ́n kọ bí a ó ṣe máa san owó rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn kí ayálégbé tó kó wọlé.

Kí wọ́n sì máa fi bíìlì gan-an hàn wá kí wọ́n tó bèèrè owó.