Ẹ jẹ́ kí dopamine sinmi nínú orin ìfẹ́

Alẹ́ àná, nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀, ni àbúrò wa kan nínú iṣẹ́ orin fi orin tuntun ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ o. Ìwádìí ọpọlọ ni mo fi kọ ọ́." Inú mi dùn. Mo pa iná, mo ki ẹ̀rọ bọ etí, mo jókòó. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ò tíì pé tí ègbè fi dé: "Ìwọ ni dopamine mi o, ìwọ ni serotonin mi." Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló pè é. Mo kà á.

Ẹ má bínú sí mi, ó ti sú mi. Orin kẹta tí mo máa gbọ́ lóṣù yìí rèé tí kẹ́míkà inú ọpọlọ, irú èyí tó ń bá ìdùnnú rìn, ń bẹ nínú ègbè rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, "oyin mi" là ń pe olólùfẹ́. Ẹ ò rí i pé tó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹnì kan á kọ "ìwọ ni kíndìnrín mi", a ó sì jó o.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò bá sáyẹ́ǹsì jà. Bí àwọn kan ṣe ń tẹ̀lé ìròyìn bọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń tẹ̀lé àwọn onímọ̀ ọpọlọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ń jí orúkọ nǹkan kó, a wá ń fi ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ọpọlọ kan ní Montreal ní Kánádà, Valorie Salimpoor, Robert Zatorre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, sọ pé kí àwọn èèyàn kan mú orin tó máa ń mú orí wọn wú wá fúnra wọn, wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. (Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé "orí mi wú" lédè wa ò ní ẹ̀rọ kankan o, ẹ rántí.) Nígbà tí orin dé ibi tó dùn jù, dopamine tú jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ ń tú jáde níbòmíràn nínú ọpọlọ kí ibẹ̀ tó dé, lásìkò tí olùgbọ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀, tí kò sì tíì dé. Ìrètí nìkan ti tó ọpọlọ í jẹ.

Ẹ wá wo àbúrò mi. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ègbè ti balẹ̀! Ó ń kọrin nípa dopamine, kò sì fún un láyè kó jáde. Ká ní ó ka ìwádìí yẹn dé ìdí ni, ì bá fa ẹsẹ kejì gùn, kí ìlù dákẹ́ díẹ̀, kí a máa fi etí wá ègbè náà kiri, kó tó wá tú u sílẹ̀ fún wa. Kò ní dárúkọ kẹ́míkà kankan, orí wa á sì wú.

Tàbí ẹ wo ìwádìí ti bọ́ọ̀lù, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ọdún 2003 ni Naomi Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde. Wọ́n ní kí èèyàn dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, kó máa bá àwọn méjì kan ju bọ́ọ̀lù síra lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn méjì ọ̀hún ò sí níbì kankan, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bí ẹni pé wọ́n wà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Wọn ò ju ú sí i mọ́. Ibì kan nínú ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá ń ro wá lára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé èèyàn 13 péré ni wọ́n fi dán an wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bá wọn jiyàn, pé ibi yẹn nínú ọpọlọ ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ míì. Kí wọ́n máa bá a lọ, ẹ̀bùn Nobel kọ́ ni mò ń wá. Ohun tí èmi rí ni ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ aláriwo, tó ń retí bọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tí kò sí, tó sì ń dùn ún. Kí lẹ tún ń wá? Ẹ gbé gìtá.

Mo pe ọmọ náà láàárọ̀ yìí, mo rò ó fún un bí mo ṣe rò ó fún yín. Mo wá fi ti Clive Wearing kún un, olórin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí fáírọ́ọ̀sì wọ inú ọpọlọ rẹ̀ lọ́dún 1985. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ kì í dúró sí i lórí ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ìyàwó rẹ̀ á jáde kúrò ní yàrá, á wọlé padà, ọkùnrin yìí á dì mọ́ ọn bí ẹni tí kò rí i láti ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n gbé e jókòó sídìí dùùrù, á tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ orin lórí ìtàn yìí, pé "o dé" ni gbogbo ègbè rẹ̀, pé orin ìfẹ́ nìyẹn.

Ó dákẹ́. Mo rò pé mo ti mú un.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkùnrin yẹn ní kí ẹ kọ ọ́?"

Mo ní ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tèmi yìí, dopamine ò ní ìyàwó nílé."

Mo sọ pé mò ń bọ̀, ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ orin náà sí, mo tún ẹsẹ kìíní kà, ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni ọkùnrin yẹn. Ibẹ̀ ni mo máa ń fi yangàn tẹ́lẹ̀. Mo pa ìwé náà dé. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ṣe.

Ègbè ọmọ náà ò sì tíì kúrò lórí mi láti àárọ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé bí orin bá há séèyàn lọ́kàn, kó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù, torí ẹnu tí ọpọlọ ń fi kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ á ti ríṣẹ́ míì ṣe. Mo ti jẹ mẹ́rin. Ó ṣì ń pè é, ẹ̀ẹ̀mẹjọ-ẹ̀ẹ̀mẹjọ.