Wọ́n Ní Mo Ti Ra Rélùwéè

Ẹ bá mi bẹ màmá mi. Ohun tí mo sọ lórí fóònù ò ju báyìí lọ: "Màmá, mo tún ra wágọ̀nù méjì lónìí. Wọ́n ti di mẹ́tàlélógójì." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, ní Chicago, òtútù ti mú mi dé ọpọlọ, mi ò ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn.

Kó tó dọ̀sán, gbogbo àdúgbò wa l'Ọ́fà ti gbọ́ pé ọmọ Ìyá Aláṣọ ti ra rélùwéè l'Ámẹ́ríkà.

Mi ò dá wọn lẹ́bi o. Ìlú tí rélùwéè ti ń gbà kọjá kí ogun 1914 tó dé, ta ni yóò gbọ́ wágọ̀nù níbẹ̀ tí ọkàn ẹ̀ á lọ síbi ohun ìṣeré?

Ohun ìṣeré sì ni. Wágọ̀nù ẹrù ni, àmọ́ ẹ máa to 87 irú ẹ̀ tẹ̀léra kó tó gùn tó ojúlówó kan. Èyí tó jẹ́ ogójì ẹsẹ̀ bàtà lójú irin, sẹ̀ǹtímítà 14 ni lọ́wọ́ mi. Inú páálí ló máa ń wà: ara lọ́tọ̀, ìdí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan tí yóò jẹ́ kó wúwo. Ìwọ lo máa tò ó. Ti àtijọ́ ni tèmi, èyí tí Athearn, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré l'Ámẹ́ríkà, ṣe sínú páálí búlúù, tí àwọn bàbá òyìnbó máa ń pàtẹ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Mo máa ń ná an bí ẹni wà lọ́jà Ọwọ́dé, ojú á sì ti ìyàwó mi.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì tò ló sì níye lórí jù. Tó o bá tò ó, owó ẹ̀ já. Ìyàwó mi ní, "Ṣé èlùbọ́ tí wọn kì í rò lo wá ń rà?" Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ mi ò wọ̀yá ìjà yẹn.

Mo dé ilé ní Dìsẹ́ńbà. Ọmọkùnrin mẹ́rin ti jókòó dè mí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn, wọ́n fẹ́ ṣe gáàdì. Àǹtí mi ń bèèrè bóyá n ó lè bá òun kó ọ̀dùnkún dé Èkó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wọlé, mo gbé páálí kan ṣoṣo tí mo mú bọ̀ jáde, mo ṣí i.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Wọ́n fi dígí sójú, wọ́n yí i wò.

"Èyí ò lè rìn lójú irin tó gba ibí."

"Bàbá, ó kéré ni."

"Ta ló ń sọ ti kíkéré? Ojú irin tiwọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́jọ àbọ̀. Tiwa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Wàá pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀."

Àwọn gáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi orí, bíi pé ẹsẹ̀ nìkan ló kù.

Bàbá ní kí wọ́n mú sìkúrúdíráfà wá. Mo ń wá bí mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé kó má tò ó, wọ́n ti tò ó tán. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú páálí yẹn.

Mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sin aládùúgbò jáde: "Àpẹẹrẹ ló mú wá yẹn. Àwọn tó tóbi ò lè wọ ọkọ̀ òfúrufú."