Ìràwọ̀ Epsilon Eridani kò bọ̀ wá jó ayé

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láti Lágere dé Ẹnuwá pé ìràwọ̀ Epsilon Eridani tóbi ju oòrùn lọ, ó sì ń sáré bọ̀ wá jó ayé. Kì í ṣe òótọ́. Ìfẹ́ ará ilé ló mú kí ọ̀pọ̀ fi ránṣẹ́, mo mọ̀.

Ìràwọ̀ aláwọ̀ ọsàn yìí kéré sí oòrùn, kò sì gbóná tó o: nǹkan bíi 5,100 kelvin, ti oòrùn lé ní 5,700. Ọdún mẹ́wàá àtààbọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kó tó kàn wá. Ó tilẹ̀ ń jìnnà sí wa ni, bíi kìlómítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí SIMBAD, àkójọ ìsọfúnni nípa àwọn ìràwọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo «Radial velocity», ìyẹn bí ìràwọ̀ ṣe ń yára sún mọ́ wa tàbí jìnnà sí wa. Bí kò bá sí àmì ìyọkúrò níwájú nọ́ńbà náà, ìràwọ̀ ń lọ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.