Kí Iná Ṣáájú Ìbọn

Ibi tó yẹ kí ìbọn máa sùn sí lálẹ́ jẹ́ àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín àwọn tí òfin fún láṣẹ láti ní in nílé. Ẹnì kan á ní abẹ́ ìrọ̀rí ni tòun máa ń wà, tòun tọta inú rẹ̀. Ẹlòmíì á ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, ọta sì wà lọ́tọ̀. Ẹnì kẹta á bú sẹ́rìn-ín: bí olè bá ti wọlé, ṣé yóò jókòó dè yín kẹ́ ẹ kì ọta tán ni? A ò ní fi ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àjèjì nínú pálọ̀ ara rẹ̀ lóru rí kò nílò ká ṣàlàyé fún un ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ra ìbọn.

Ṣùgbọ́n a ò ní sọ èrò tiwa lábẹ́ ahọ́n. Ìbọn tí kò bá sí lára olówó rẹ̀, inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó wà, lóru bíi ti ọ̀sán, kí òfin sì sọ ọ́ di dandan níbikíbi tí ìjọba bá ti ń fún aráàlú níwèé àṣẹ ìbọn. Àti pé kí ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ náà tó wádìí bóyá ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ dúró bó bá ń yìnbọn, kó kọ́kọ́ béèrè irú ilẹ̀kùn tó wà nílé rẹ̀, ibi tí iná wà, àti bí àwọn ará ilé náà ṣe ń dá ara wọn mọ̀ lóru.

Òru ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹni tí ariwo jí lójú oorun ìjìkà kì í jí tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣèwádìí oorun mọ ipò yìí dáadáa: ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀, ọpọlọ ṣì ń tòògbé, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀ pátápátá. Nínú òkùnkùn, ojú èèyàn kì í rí àwọ̀, kì í sì í dá ìrísí mọ̀ dáadáa. Òjìji tó ń rìn ló ń rí. Ẹ wá fi àyà tó ń já àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n kún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kó pinnu, kí ojú tó ṣẹ́, bóyá ẹni tó dúró lọ́nà balùwẹ̀ yẹn máa kú tàbí kò ní kú. Ohun tí ìbọn abẹ́ ìrọ̀rí ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń gbé ìpinnu tó le jù lọ láyé lé èèyàn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú tí làákàyè rẹ̀ kéré jù lọ.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2013, Oscar Pistorius, eléré ìje Gúúsù Áfíríkà tí gbogbo ayé mọ̀, gbọ́ ariwo láti apá balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ní Pretoria. Ohun tó sọ ní ilé ẹjọ́ ni pé kọ́lékọ́lé lòun rò pé ó wọlé. Ó fa ìbọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yọ, ó lọ síbẹ̀, ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin gba ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní títì. Reeva Steenkamp, obìnrin tó ń fẹ́, ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ pè é ní ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà sí ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, ìdí tí wọ́n sì fi yí i padà ló yẹ kí gbogbo oníbọn há sórí: kò já mọ́ nǹkan kan bóyá olè ló rò pé ó wà níbẹ̀ tàbí ẹlòmíì. Ó mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mọ ohun tí ọta mẹ́rin lè ṣe nínú yàrá tó kéré bẹ́ẹ̀, ó sì yìnbọn. Àwọn olùpẹ̀jọ́ kò tilẹ̀ gba ìtàn olè náà gbọ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ látòkè délẹ̀ náà, òkú ẹni tí kì í ṣe olè ló ṣì kù sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ti ọmọ Japan kan tún yàtọ̀, ọmọ ọdún 16 tó wá kàwé ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, ní Baton Rouge, ìpínlẹ̀ Louisiana, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá ilé tí wọ́n ti ń ṣe àríyá, wọ́n sì ṣi ilé yà. Ìyàwó onílé rí wọn, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní kí ọkọ òun lọ mú ìbọn wá. Ọkọ mú un wá, ó sì tún ilẹ̀kùn ṣí. Ó pàṣẹ kí ọmọ náà dúró; ọmọ náà ń bọ̀ síwájú; ìbọn dún. Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ dá onílé sílẹ̀ lọ́dún 1993. Ohun tí kì í kúrò lọ́kàn wa nínú ìtàn yìí ni ilẹ̀kùn. Wọ́n ti pa á dé. Ewu, bí ewu bá tilẹ̀ wà, ti wà níta.

Àwọn àgbà ní òru ò mẹni ọ̀wọ̀, òun ló fà á tí wọ́n fi ń béèrè pé, “Ìwọ ta nìyẹn?” Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ nínú òfin. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ pé ilé onílé ni odi rẹ̀ sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lé ẹjọ́ Semayne ti ọdún 1604 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti gbajúmọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan náà ló sọ pé kí òṣìṣẹ́ ọba tó já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó bá wá, kó sì ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ dandan kí ẹni tó ń bọ̀ láti ìta fara hàn, a jẹ́ pé ó di dandan kí ẹni tó wà nínú náà béèrè.

Bíbélì pàápàá ya òru sọ́tọ̀. Ìwé Ẹ́kísódù orí 22 dá onílé láre bó bá lu olè tó ń fọ́lé pa. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ẹ̀jẹ̀ olè náà wà lọ́rùn onílé. Bí àwa ṣe ka ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe pé olè òru burú ju tọ̀sán lọ. Onílé ni kò ríran. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí ni olè bá wá tàbí ẹrù, òfin sì ṣàánú àìmọ̀ rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò sí bọ́tìnnì téèyàn lè tẹ̀ kí oòrùn yọ nínú pálọ̀. Lónìí ó wà. Ẹni tó lè tan iná tí kò tàn án, tó wá yìnbọn sínú òkùnkùn, òkùnkùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe àwáwí.

Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì ni ohun tó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ là ń wí o, kì í ṣe èyí tí wọ́n so mọ́ ara ìbọn. Ẹni tó bá ń fi iná ara ìbọn wá èèyàn nínú òkùnkùn ti na ìbọn sí onítọ̀hún kó tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló lọ mu omi, ọmọ rẹ̀ ló na ìbọn sí yẹn. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìbọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kéèyàn dá ohun tó fẹ́ yìn mọ̀ dájú, kó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ọta ìbọn ìléwọ́ kò ka ilẹ̀kùn yàrá tàbí ògiri pákó tín-ín-rín sí. Ẹ̀yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn sí.

Ilẹ̀kùn wá ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń kọ ojú ewé yìí tú súkúrù ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀. Igi gidi ni ilẹ̀kùn náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wọ́n. Súkúrù méjì ló di pẹpẹ irin pẹlẹbẹ tó wà lára férémù mú, níbi tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ sí. Nígbà tó tú wọn jáde, wọn ò gùn ju oríkèé àkọ́kọ́ ìka ọwọ́ lọ. Igi férémù lásán ni wọ́n fi eyín kàn, wọn ò dé ara ògiri rárá. Ìyẹn ni pé gbogbo agbára ilẹ̀kùn olówó gọbọi yẹn, súkúrù kúkurú méjì tí ìtapá kan lè fà tu ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí ilẹ̀kùn ṣe sábà máa ń já náà nìyẹn: kọ́kọ́rọ́ kì í ṣẹ́, férémù ló ń ya. Ó fi súkúrù tó gùn tó ínǹṣì mẹ́ta rọ́pò wọn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ibi tí wọ́n so ilẹ̀kùn kọ́ pẹ̀lú, kò sì lò tó wákàtí kan. Ìyàwó rẹ̀ ní ó tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ra kámẹ́rà oríṣiríṣi, kò sì fọwọ́ kan férémù rí.

Ajá tó ń gbó, aláàmù ara fèrèsé, iná ìta tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ẹnì kan bá kọjá, ilẹ̀kùn tó dúró gbọn-in: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń dá olè dúró títí onílé á fi jí tán. Onílé tó ti jí, tó ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú yàrá kan, tó ti tìlẹ̀kùn, tó wà lórí fóònù pẹ̀lú ọlọ́pàá, tó sì ń pariwo pé òun ti pè wọ́n, kò tíì pa ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì tíì pa á. Ẹrù lọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níta bá wá. Bureau of Justice Statistics, tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò ìwà ọ̀daràn, yẹ ìfọ́lé ọdún 2003 sí 2007 wò: nǹkan bí 28 nínú 100 ni wọ́n ti bá èèyàn nílé, 7 nínú 100 ló sì di ìkọlù. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kì í bá wa lára mu. Nínú àwọn tó di ìkọlù, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti mọ ẹni tó kọlù wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an làwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa ti máa ká wa mọ́. Ọlọ́pàá jìnnà, wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù lè má wọlé. Obìnrin tó ń dá gbé, tí ọkọ tó kọ̀ sílẹ̀ ti lérí pé òun á pa á, ṣé súkúrù la fẹ́ fi gbà á sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni, a ò lè rọ́ ọ sẹ́yìn. A ò sọ pé kó má nìbọn níbi tófin bá ti gbà á láyè. Inú àpótí la ní kó wà. Àwọn àpótí kékeré wà báyìí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó máa ń ṣí bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà tàbí tó fi ìka kàn án, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè rántí nọ́ńbà mẹ́rin lójú oorun, ṣé ẹni tó yẹ kó gbé ìbọn dání nìyẹn?

Olè nìkan kọ́ ni àpótí yẹn wà fún. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 lórí ìlú mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Memphis, Seattle àti Galveston, ka àwọn ìbọn inú ilé tó dún tó sì ba èèyàn. Fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi gbèjà ara ẹni tàbí tí òfin dá ayìnbọn láre, 4 jẹ́ àṣìyìn, 7 jẹ́ ìkọlù tàbí ìpànìyàn, 11 sì jẹ́ ti ẹni tó yìn ín fún ara rẹ̀ kó lè kú. Wọ́n lè bá wa jiyàn pé ìwádìí náà kò ka ìgbà tí olè kàn rí ìbọn tó sì sá lọ. Òótọ́ ni, kò kà á. Ṣùgbọ́n 11 yẹn kò ṣeé fi ẹnu kan sọ. Ìbànújẹ́ lè pọ̀ sí i lóru, ó sì lè rọlẹ̀ bílẹ̀ bá mọ́. Ohunkóhun tó bá lè dá ọwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ lè jẹ́ kí onítọ̀hún rí òwúrọ̀. Ilé ìwádìí RAND, tó kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, rí i pé òfin tó ń mú kí àwọn àgbà fi ìbọn pa mọ́ fún ọmọdé ń dín àṣìyìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ kù, ó sì ń dín iye àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìbọn gbẹ̀mí ara wọn kù.

Àwọn kan á ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti wọ́gi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Heller lọ́dún 2008. Kí wọ́n tún un kà. Òfin ìlú Washington tí wọ́n wọ́gi lé ní kí ìbọn wà ní títú palẹ̀ tàbí ní dídè nígbà gbogbo, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí olè ti ká mọ́lé. Inú ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ti sọ pé àwọn ò fọwọ́ kan òfin ìtọ́jú ìbọn tó wà kí ó má bàa ṣèèṣì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe irú òfin yẹn ní 1998: ìbọn tí kò bá sí lára olówó rẹ̀ tàbí lábẹ́ àkóso rẹ̀, kó wà ní títì. Ohun tá a ń béèrè kò ju ìyẹn lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdánwò. Bébà tí wọ́n ya òbìrìkìtì sí ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn yìn lójú ọ̀sán, bébà tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò jọ ọmọ ẹnikẹ́ni. A dábàá pé kí wọ́n fi èyí kún un. Kí wọ́n pa iná yàrá. Kí ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, kí ọwọ́ kejì ṣófo. Kí àwòrán èèyàn mẹ́ta wà níwájú rẹ̀: ọ̀kan mú ọ̀bẹ dání, ọ̀kan mú ife omi, ọ̀kan mú fóònù. Kó béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, kó tan iná, kó sì sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá pe ife ní ọ̀bẹ, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.