Ìgbọ̀nwọ́ Tó Joyè

Ó ku ohun kan ṣoṣo kí òde ṣíṣe pé ní Òṣogbo báyìí: kí àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán bọ́ńdéèjì ìgbọ̀nwọ́ àwọn ọmọ jíìmù mọ́ aṣọ ẹbí. Ohun tí mo rí ní gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ògo-Olúwa ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó wọlé, gíní aláwọ̀ ojú ọ̀run lára wọn, fìlà gọ̀bì lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú wọn ti ká apá agbádá ọ̀tún dé èjìká, ó sì ti ká apá bùbá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí gbogbo ayé lè rí nǹkan dúdú tó fà le mọ́ apá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń wí.

Agbádá kì í dúró lórí èjìká fúnra rẹ̀. Bó bá ká a, á wálẹ̀. Ó jókòó ti àmàlà, agbádá wálẹ̀, ó ká a. Ó nawọ́ sí ọbẹ̀, agbádá ki orí bọ gbẹ̀gìrì, ó nù ún, ó tún ká a. Olórin ki ìdílé rẹ̀ títí, ó dìde láti náwó, ọwọ́ òsì ló fi ń náwó fún ọmọlúàbí, nítorí ọ̀tún ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tún tó ń ṣàìsàn yìí ni wọ́n ń fi agbádá dá lóró láti àárọ̀. Mo gbójú kúrò lára ìyàwó, mo gbàgbé ọkọ, agbádá yìí ni mò ń wò. Ìyá tó jókòó tì mí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?" Mo ní rárá, Mà, aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Wọ́n wá kan ìdọ̀bálẹ̀. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ fi àyà kanlẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òbí ìyàwó. Ọ̀gbẹ́ni wa kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Alága ìjókòó, tí òun náà kì í gba gbẹ̀rẹ́, mú makirofóònù: "Bọ̀dá, ṣé ilé yín kọ́ ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ ni?" Ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, iṣan ìgbọ̀nwọ́ ló ń dùn mí. Irin ni mo ń gbé." Ó na ọrùn bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì yí ojú wo bóyá ayàwòrán ń yà á. Alága bu owó ìtanràn lé e. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi san án.

Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí èmi ń dàgbà, ẹni tí apá bá ń dùn máa ń fi pamọ́ ni, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pè é ní ọ̀lẹ. A ò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn èèyàn yìí mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bọ́ńdéèjì dúdú fún òde, wọ́n ní búlúù tó bá gíní mu, wọ́n tún ní ti Jímọ̀. Mo wo ọ̀kan níbi àlùwàlá lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Omi àlùwàlá kì í dúró ní ọrùn-ọwọ́, ó gbọ́dọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó tú bọ́ńdéèjì, ó fi há ẹnu, ó da omi, ó ké "yéè" kí àwọn tó wà lórí ìlà lè gbọ́, ó nu apá gbẹ, ó tún bọ́ńdéèjì wọ̀, ó fà á, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un fà. Nígbà tó fi máa wọlé, Ìmáàmù ti wà ní rúkúù.

Ibi tí wọ́n ń so ó mọ́ gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣe bọ́ńdéèjì tóóró yẹn ṣe é fún ibi tó lẹ́ran nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, bí ìka méjì sí ibi tó ń dunni, kó lè dín agbára tí iṣan fi ń fa eegun kù. Ọ̀gbẹ́ni wa so tirẹ̀ sókè ìgbọ̀nwọ́, nítòsí èjìká, níbi tí kò ti lè ṣe iṣan ìgbọ̀nwọ́ lóore kankan. Ìfúnpá ló so. Àwọn baba wa tó so ìfúnpá lọ sógun tilẹ̀ gbà pé yóò yẹ àdá. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí kò lè yẹ gbẹ̀gìrì.

Ẹ dé jíìmù kan lápá Òkè-Fìà nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti Abẹ́rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ọmọ ogún ọdún kọ́ ni wọ́n o. Àwọn ọlọ́mọ mẹ́ta ni, àwọn tó ti ń wá ikùn tì sínú ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni ọdún 35 sí 54 gan-an ni ìrora yìí sì máa ń bá lálejò jù.

"Ẹ̀gbọ́n, tìta ni tiyín ni àbí tinú?"

"Tìta ni, àbúrò. Kẹ́tùlù tíì ò ṣeé gbé mọ́."

"Tèmi ti di méjèèjì."

"Háà! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Wọ́n kí i kú iṣẹ́. Lórí àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì joyè, ẹ gbọ́: tìta ni ti iṣan tó ń fa ọrùn-ọwọ́ sẹ́yìn, èyí tí dídi nǹkan mú pinpin máa ń dá lóró. Tinú ni ti iṣan tó ń ká ọwọ́ wọlé, àwọn tó ń rọ̀ mọ́ ọ̀pá tí wọ́n ń fa ara wọn sókè ló sábà máa ń gbé e délé. Ẹni tó bá ní méjèèjì, kó gba ìwúyè méjì.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ oyè náà? Lọ́dún 1873, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Runge kọ̀wé nípa ìrora ìgbọ̀nwọ́ yìí, òun sì ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣàpèjúwe rẹ̀. Kì í ṣe ara jagunjagun ló ti rí i, kì í ṣe ara oníjàkadì. Ara àwọn tó ń fi kálámù kọ̀wé ni. Ọ̀gbẹ́ni ti gbé irin títí, ó gba oyè akọ̀wé.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti rẹ́rìn-ín tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Jíìmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Alékúwodò. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gbé irin kalẹ̀, jíjù ni wọ́n ń jù ú: gbìì! Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi á dáhùn. Gbìì! Ajá á gbó. Mo bá olówó jíìmù sọ̀rọ̀, ó ní kí n wá forúkọ sílẹ̀, pé òun á dín owó fún àgbàlagbà. Lọ́jọ́ kan gáàsì tán nílé wa, mo gbé sílíńdà 12.5 kílò lọ kún un, ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà jíìmù náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin tó dúró síbẹ̀, apá wọn tó itan mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi gbé e wọlé." Ọ̀kan wo òkè. Èkejì wo fóònù. Ẹni kẹta, ẹni tí mo fi etí ara mi gbọ́ tó ń pariwo "ọgọ́rùn-ún kílò!" láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, fọwọ́ kan bọ́ńdéèjì, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ìgbọ̀nwọ́ mi ni." Ìyàwó mi ló jáde wá gbé e. Kò so nǹkan kan mọ́ apá.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ké "Òṣogbo ìlú aró" lórí rédíò, ẹ ò fún aṣọ rí. Kíjìpá tó ti mu aró yó wúwo ju ọmọ ọwọ́ lọ, ọrùn-ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lọ́ ọ títí omi á fi tán lára rẹ̀. Kò sí ohun tó burú fún iṣan ìgbọ̀nwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó mú ìyá mi. Mo rántí bó ṣe máa ń fi ọwọ́ òsì gbé igbá omi nígbà yẹn, tí yóò sì fi ọ̀tún sí itan. Ṣé ó tìtorí ẹ̀ fi aró sílẹ̀? Ta ni yóò bọ́ wa? Ṣé ó tún ń fún kíjìpá bíi ti àná? Rárá o. Ó pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí ọ̀kan di etí kan mú, kí èkejì di etí kejì, kí a máa lọ́ ọ. Àwọn àdìrẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló mú fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá ló gba aṣọ tó nípọn díẹ̀. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí, ó ti gba kíjìpá padà lọ́wọ́ wa, ó sì ń bú wa pé a ò mọ aṣọ fún. Kò lọ yunifásítì kankan. Kò sì sẹ́ni tó yà á ní fọ́tò.

Ohun tí àwọn fisió, àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo iṣan, ń sọ fún yín lónìí náà nìyẹn, tí ẹ ò fẹ́ gbọ́. Wọn ò ní kẹ́ ẹ má gbé irin mọ́. Iṣan tí ẹ bá tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì máa ń rọ sí i ni, ẹrù ló ń mú un le. Ohun tí wọ́n ní ni pé kẹ́ ẹ dín kílò kù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́! Ẹ sọ fún ọkùnrin Òṣogbo kó ta ilẹ̀ baba rẹ̀, á rò ó wò. Ẹ sọ fún un kó yọ kílò márùn-ún kúrò lára irin níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ìjà. Ẹran apá tètè ń dàgbà. Iṣan tó so ẹran náà mọ́ eegun kì í gba ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í kánjú, oṣù ló ń kà, kì í ka ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ti fi ẹran sáré ṣíwájú, ẹ wá ń bínú pé iṣan ò bá yín dé.

Ẹ fi ọ̀pá irin gígùn tí ẹ ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ mú dọ́ńbẹ́ẹ̀lì méjì, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kojú síra, kí ọrùn-ọwọ́ dúró ṣánṣán. Èyí tí ẹ ń dùbúlẹ̀ ṣe, tí irin ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí iwájú orí yín, ta ló fi yín búra pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é? Ẹ gbé apá lé tábìlì, ẹ mú irin kékeré tí ojú ń tì yín láti mú, kẹ́ ẹ máa fi ọrùn-ọwọ́ rọra sọ ọ́ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Bó bá dùn yín dé mẹ́ta nínú mẹ́wàá, tó sì ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá jí pẹ̀lú yín, irin ti wúwo jù nìyẹn. Ohun tó kù kò ju sùúrù lọ, sùúrù ò sì ní àwọ̀ tó bá gíní mu.

Àmọ́ ẹ̀yin, Aboniki lẹ mọ̀. Ẹ fi pa apá lálẹ́ títí tí àwọn ọmọ fi ń sin. Èyí tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á lọ gba abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú kí ibi tó wú rọlẹ̀, ìrora á lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, á padà sídìí ọgọ́rùn-ún kílò pẹ̀lú ariwo. Ní Ọsirélíà, wọ́n tọpa ènìyàn 165 fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà, ìrora padà wá bá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú, 12 péré ni. Abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan nínú sàn ju èyí tí ẹ ń fowó rà lọ! Kì í ṣe pé iṣan yẹn kàn wú tí oògùn yóò fi ní kó rọlẹ̀. Ó ti gbó ni. Nígbà tí àwọn dókítà là á wò, iṣan tó ti dàrú ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ọdún 2022, ní Birmingham, Adijat Olarinoye gba góòlù fún Nàìjíríà nínú ìdíje Commonwealth, láàárín àwọn obìnrin tí ara wọn kò ju kílò 55 lọ. Àpapọ̀ irin tó gbé jẹ́ kílò 203. Ohun tí wọ́n kéde nìyẹn: kílò. Èmi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wá ka orúkọ àìsàn lórí pèpéle.

Àná ni wọ́n tún kan ilẹ̀kùn mi. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní Ògọ́sítì, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ jíìmù fẹ́ ṣe ankó jáde, fìlà kan náà, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, bọ́ńdéèjì kan náà, wọ́n sì gbé ìwé ìdáwó wá. Wọ́n ti kọ ₦5,000 síwájú orúkọ mi kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo béèrè pé ta ló sọ fún wọn pé ìgbọ̀nwọ́ ń dun èmi náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé!" Mo gba bírò lọ́wọ́ wọn, mo fagi lé orúkọ mi, mo kọ ti olówó jíìmù síbẹ̀, mo sì sọ ọ́ di ₦20,000.