Ẹ̀sùn tí Wọ́n Kà sí Ọba Lẹ́sẹ̀

Ní 1770, àwọn ará New York gbé ère Ọba George Kẹta ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ láti fi ìmoore hàn, òjé tí wọ́n fi wúrà bò, ọba lórí ẹṣin. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 1776, wọ́n fi okùn wọ́ ọ lulẹ̀, wọ́n sì yọ́ òjé rẹ̀ fi rọ ọta ìbọn.

Èrò ọkàn mi ni pé owó orí tí Gẹ̀ẹ́sì bù lé wọn nìkan kò tó ohun tí ó lè sọ ìfẹ́ di ìkórìíra bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin 1765 bu owó lé ìwé ìròyìn, ìwé ilé ẹjọ́ àti káàdì tẹ́tẹ́ pàápàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ilẹ̀ àmúsìn Gẹ̀ẹ́sì 13 ní Amẹ́ríkà, tí New York jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá lẹ́bi; ọba ni wọ́n ń sá lọ bá. Àní ní oṣù Keje 1775, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní Lexington, níbi tí ìjà wọn pẹ̀lú ọmọ ogun ọba ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọba kò tilẹ̀ gbà á, ó sì kéde ní oṣù Kẹjọ pé ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni okùn ti já. Àwọn aṣáájú wọn ti ń jiyàn pé ilé ìgbìmọ̀ kò ní àṣẹ lórí àwọn, pé ọba nìkan ni ó so àwọn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, tí ó wá fẹ́ kúrò, ọba nìkan ni ó kù tí ó lè pè lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí ìkéde òmìnira wọn ti ọjọ́ 4 oṣù Keje 1776 kò fi dárúkọ ilé ìgbìmọ̀ náà níbì kankan. “Ó ṣe èyí, ó ṣe tọ̀hún” ni gbogbo ẹ̀sùn inú rẹ̀, kódà lórí owó orí tí àwọn aṣòfin bù lé wọn. Ọgbọ́n agbẹjọ́rò ni mo pe ìyẹn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá òdodo mu.

Nínú ohun tí Thomas Jefferson, ẹni tí ó kọ ìkéde náà, kọ́kọ́ kọ, ó ka òwò ẹrú pàápàá sí ọba lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú ilẹ̀ àmúsìn náà ní Philadelphia yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹ̀sùn yẹn ìbá kan àwọn olùfisùn náà. Ọmọdékùnrin kan tí Jefferson fi ṣe ẹrú ni ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún un níbẹ̀, bí ó ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́.